Òjìji Ni Kí Ẹ Rán, Ilé Yóò Dúró Fúnra Rẹ̀

Ẹni tó bá ti wọ ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ rí á mọ àwọn ilé tí mò ń sọ: àwọn ilé Humanities tí orí wọn fẹ̀ ju ìdí wọn lọ, àfi bí ìgbà tí wọ́n dojú pírámíìdì dé. Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ará Ísírẹ́lì, ló ṣáájú àwọn tó ya ọgbà náà, kí yunifásítì tó kó kúrò ní Ìbàdàn wá sí Ifẹ̀ ní 1967. Kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ dárà. Àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ kí ó lè ṣíji bò ó, kí oòrùn má pa ẹni tó wà nínú kíláàsì, kí òjò má sì fẹ́ wọlé. Nítorí náà, bí ẹ bá dúró níwájú ilé yìí lọ́wọ́ àárọ̀, òjìji lẹ máa kọ́kọ́ rí kí ẹ tó rí ògiri.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rọ ìránṣọ àti òwú ya irú ilé yìí sórí kúìlìtì ti ń ṣìnà. Wọ́n á mú òwú dúdú, wọ́n á fi fa gbogbo ìlà ògiri, fèrèsé àti àtẹ̀gùn, ilé á wá dà bí àwòrán inú ìwé a-bí-dí. Kò sí ìlà dúdú lára ilé kankan. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà àti ibi tí kò bà.

Kúìlìtì tí mò ń wí kì í ṣe ti orí bẹ́ẹ̀dì. Ara ògiri ni wọ́n ń gbé e kọ́ sí. Ìpele mẹ́ta ni: ojú tó ní àwòrán, ìtẹ́ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín (kì í ṣe òwú ìránṣọ), àti aṣọ ẹ̀yìn, tí a wá rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà sára agbádá lórí ẹ̀rọ tínkò ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí láìtíì bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó máa dà wọ́n láàmú ni pé agbádá kọ́ wọn láti rán án kí ó dọ́gba, kí ó kún dáadáa. Níhìn-ín, bí ó bá dọ́gba, ó ti bàjẹ́.

Fọ́tò

Aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án àárọ̀, tàbí mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ni kí ẹ lọ yà á. Bí oòrùn bá wà lókè orí, àjà tó yọ síta á gbé gbogbo ojú ògiri mì, kò ní sí etí òjìji tí ẹ lè rí dì mú. Oòrùn tó bá wá láti ẹ̀gbẹ́ ló ń gé òjìji kedere, tó sì ń fi ìhà kan hàn ju ìkejì lọ. Ẹ má yà á nígbà ọyẹ́ tí kùrukùru eruku bá bolẹ̀, etí òjìji á ti yòrò.

Àṣìṣe tó burú jù nínú fọ́tò ilé yìí ni pé kí ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ sì gbé orí fóònù sókè. Ilé gbogbo tí a bá yà bẹ́ẹ̀ ni orí rẹ̀ ń fún, tó ń dà bí ẹni tó fara tì sẹ́yìn. Lára ilé mìíràn, ìyẹn ò pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ilé Humanities yìí, fífẹ̀ tí orí rẹ̀ fẹ̀ ni ẹwà rẹ̀. Bí fóònù bá ti fún un lórí, ilé á dúró ṣánṣán bíi ti ẹlòmíràn, ẹ ò sì ní mọ ohun tó sọnù. Ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn títí ilé yóò fi wọ inú fóònù láìjẹ́ pé ẹ gbé e sókè. Koríko tó máa pọ̀ nísàlẹ̀ fọ́tò, ẹ ó gé e dànù tó bá yá. Fọ́tò tí ẹ fúnra yín yà ni kí ẹ lò. Bí ó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹ gba àṣẹ.

Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì jáde ní ìwọ̀n A4: aláwọ̀ kan, àti èyí tó jẹ́ dúdú àti funfun nìkan. Èyí tó jẹ́ dúdú àti funfun ni kí wọ́n bá yín fẹ̀ ní ìdá 200 nínú 100, á wá di bébà A4 mẹ́rin tí ẹ máa lẹ̀ pọ̀. Àwòrán á jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 59 ní fífẹ̀ àti 42 ní gíga, ìwọ̀n tó dára fún ẹni tó ń ṣe é nígbà àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa ń fi etí funfun sílẹ̀, nítorí náà ẹ ní kí bébà kọ̀ọ̀kan gun èkejì ní sẹ̀ǹtímítà kan, kí ẹ sì fi rúlà yẹ̀ ẹ́ wò pé ìlà àjà ń bá ara wọn lọ. Bí ó bá fi mìlímítà méjì yẹ̀ lórí bébà, ojú á rí i lórí aṣọ.

Ẹ wá tẹ́ náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara lé e, kí ẹ fi gègé oníìǹkì pín àwòrán sí nọ́ńbà márùn-ún. 1 ni ibi tó mọ́lẹ̀ jù, 5 ni ibi tó ṣókùnkùn jù. Ẹ máa dijú díẹ̀ bí ẹ bá ń wò ó: ohun kéékèèké á pòórá, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ló máa kù. Nọ́ńbà 5 kò gbọdọ̀ ju inú ẹnu ọ̀nà àti abẹ́ àjà gan-an lọ. Bí ó bá gba ìdá kan nínú mẹ́rin àwòrán, fọ́tò náà ti ṣókùnkùn jù. Ẹ padà lọ ya òmíràn.

Aṣọ

Ọ̀pá kan aṣọ òwú tó pọ́n díẹ̀ tó fún ìpìlẹ̀. Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 75 sí 58, ìyẹn mẹ́jọ mẹ́jọ lé ní etí kọ̀ọ̀kan, torí pé ìránṣọ tó bá ki máa ń fa aṣọ jọ. Ẹni tó bá gé e ní ìwọ̀n àwòrán gẹ́ẹ́ á rí i pé àwòrán rẹ̀ ti kúrú kí ó tó débi koríko.

Ègé aṣọ mìíràn lẹ máa lẹ̀ mọ́ ìpìlẹ̀ yìí: èyí tó mọ́lẹ̀ síbi nọ́ńbà kékeré, èyí tó ṣókùnkùn síbi nọ́ńbà ńlá. Ògiri kọnkéré ò fẹ́ aṣọ aláwọ̀ kan tó ń dán. Kíjìpá àtijọ́ dára gan-an, nítorí ojú rẹ̀ rí págunpàgun bí kọnkéré ṣe rí. Àdìrẹ tó ti ṣá náà dára fún ojú ọ̀run. Sányán á bá koríko ọ̀gbẹlẹ̀ mu. Àmọ́ bí ẹ bá ti gé aṣọ òkè, ó ń ya ni, nítorí náà gọ́ọ̀mù sítéè (aṣọ fẹ́lẹ́ tó ní gọ́ọ̀mù, tí iná áyọ́ọ̀nù ń jẹ́ kó lẹ̀) ni kí ẹ kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn kí sísọ́ọ̀sì tó kàn án. Ègé aṣọ tí àwọn aránṣọ ń gbá dànù ní Ọjà Tuntun ní Ifẹ̀ tó ilé mẹ́wàá kọ́.

Gbogbo aṣọ ni kí ẹ fọ̀ kí ẹ tó gé. Àǹkárá tuntun ní nǹkan lára tí kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú, àdìrẹ aláró sì lè ṣí àwọ̀ sórí ògiri yín lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ́n omi sí i. Ẹ fi omi ṣan àdìrẹ títí omi fi mọ́.

Bí gọ́ọ̀mù sítéè bá ń wú bí ẹni pé afẹ́fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀, áyọ́ọ̀nù lẹ ń wọ́ kiri. Ẹ gbé e lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ gbé e kúrò, kí ẹ sì gbé e sí ibòmíràn. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ń ṣe é, àfi kí ẹ tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́ sáàárín nítorí eérú. Lẹ́yìn gọ́ọ̀mù sítéè, ẹ so bébà sítéè kan mọ́ ẹ̀yìn ìpìlẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ iṣẹ́ ọnà agbádá.

Gbígbé ìlà sórí aṣọ

Bébà kábọ́ọ̀nù dúdú máa ń bí ẹni tó bá lò ó sórí aṣọ tó mọ́lẹ̀ nínú, torí pé ọ̀rá rẹ̀ kì í lọ. Ọ̀nà tó dá mi lójú jù ni pé kí ẹ fi ìlà ilé sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ yí i padà bí ẹni wo dígí, kí ẹ wá so ó mọ́ ẹ̀yìn aṣọ. Ẹ̀yìn lẹ ti máa rán ìlà náà. Òwú bóbìnì, èyí tó ń ti abẹ́ ẹ̀rọ wá, ló máa yọ lójú aṣọ, nítorí náà ẹ fi òwú àwọ̀ eérú sínú bóbìnì. Lẹ́yìn náà ẹ fa bébà ya. Bí ẹ bá gbàgbé láti yí bébà padà, àtẹ̀gùn tó wà lápá ọ̀tún á bọ́ sí òsì, gbogbo ará Ifẹ̀ tó bá sì rí i ni yóò sọ fún yín.

Àwọn ìlà gbọọrọ yìí, ẹ fi ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ó tẹ aṣọ, kí eyín ẹ̀rọ sì máa fà á, kí ìrán kọ̀ọ̀kan gùn tó mìlímítà méjì ààbọ̀. Ìlà ilé ò ṣe é fi ọwọ́ lásán fà. Ọwọ́ máa ń gbọ̀n, etí àjà tó bá sì wọ́ á mú kí ilé dà bí èyí tó fẹ́ wó. Ìgbà tí ẹ bá ti parí ìlà lẹ tó máa tú ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kúrò fún kíkún inú rẹ̀.

Ẹ̀rọ

Tínkò ló rọrùn jù, torí pé orúnkún lẹ fi ń pàṣẹ bí síńgísáàgì ṣe máa fẹ̀ tó, ọwọ́ méjèèjì wà lára férémù, òrùka tó ń di aṣọ mú kó le. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ dúdú ẹlẹ́sẹ̀ náà ń ṣe é, kò sì bá iná mànàmáná jà. Eyín tó ń fa aṣọ lẹ máa bò: káàdì báǹkì tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, tí ẹ lu ihò kékeré sí gẹ́gẹ́ ibi tí abẹ́rẹ́ ń bọ́ sí, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ohun tó ń dà wá láàmú jù ni ìdí òwú tó ń dì jọ lábẹ́ aṣọ bí ìtẹ́ ẹyẹ. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ọ̀pá tó ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sókè ni kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Nítorí pé ẹsẹ̀ ti kúrò níbẹ̀, ojú ò rí i pé ọ̀pá ṣì wà lókè, bẹ́ẹ̀ ìgbà tó bá sọ̀ kalẹ̀ ni àwo méjì tó ń di òwú mú tó ń pàdé. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kódà bí kò bá sí ẹsẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tún fa òwú bóbìnì gòkè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ di òwú méjèèjì mú fún ìrán mẹ́ta àkọ́kọ́.

Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14 ni. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fo ìrán, tàbí tí òwú ń ya bí irun, ẹ má bá tẹ́ńṣọ̀n, ibi tí a fi ń mú òwú le tàbí dẹ̀, jà. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Gọ́ọ̀mù tún máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹ fi spirit nù ún. Bí òwú bóbìnì bá ń yọjú sókè bí ẹyin iná, òkè ló le jù, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó bá ń ṣẹ́, ọwọ́ yín ló ń já aṣọ gbà nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀: kí ẹ̀rọ yára, kí ọwọ́ lọ́ra.

Òwú iṣẹ́ ọnà nọ́ńbà 40 ni mò ń tọ́ka sí jálẹ̀. Àwọ̀ mọ́kànlá tó: mílíìkì kan, eérú mẹ́ta, búráùn, àlùkò tó ki, búlúù tó ṣú, ewé méjì, ewé tó ṣú kan, àti pupa ilẹ̀. Ẹ ra eérú àárín ní méjì, òun ló máa ń kọ́kọ́ tán.

Òjìji kan ṣoṣo

Ẹ jẹ́ ká mú òjìji abẹ́ àjà kejì nìkan. Lórí aṣọ yín, á jẹ́ ìgbànú kan tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40, tó sì ga tó mẹ́ta. Ègé aṣọ búráùn tó ní àlùkò nínú lẹ máa lẹ̀ síbẹ̀, kì í ṣe dúdú. Òjìji Ifẹ̀ kò dúdú. Ilẹ̀ pupa àti koríko ń ju ìmọ́lẹ̀ padà sókè, ẹ̀yin náà lọ wò ó: abẹ́ àjà máa ń pọ́n díẹ̀.

Ibi tó ṣókùnkùn jù wà lókè, lábẹ́ etí àjà gan-an. Ní mìlímítà márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ fi búlúù tó ṣú àti àlùkò rán án ní ìbú, ìlà kan sí èkejì kò ju ìdajì mìlímítà lọ. Ní sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ tó tẹ̀lé e, ẹ jẹ́ kí àlàfo di mìlímítà kan, kí búráùn sì wọ àárín wọn. Sẹ̀ǹtímítà kan tó kù nísàlẹ̀, mìlímítà méjì ni àlàfo, ewé tó ṣú àti pupa ilẹ̀ ló máa wà níbẹ̀, kí aṣọ fúnra rẹ̀ máa yọjú láàárín. Etí ìsàlẹ̀ yìí, ẹ má gé e ní dídọ́gba. Ẹ jẹ́ kí ìrán kan gùn, kí èkejì kúrú, kí wọ́n wọ inú ògiri tó mọ́lẹ̀.

Bí ẹ bá gbé e sókè wò ní ìpele yìí, á dà bí aṣọ tó dọ̀tí. Ẹ má tú u. Ó ku ìlà kan. Ẹ fi òwú mílíìkì rán síńgísáàgì tó fẹ̀ tó mìlímítà kan gba etí àjà kọjá, lókè òjìji náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró. Ìlà mílíìkì yẹn ló máa ti àjà síwájú. Ìparí ni kí ẹ rán án, torí pé bí ẹ bá kọ́kọ́ rán an, òwú òjìji á gùn ún lórí.

Fèrèsé náà kì í ṣe dúdú: búlúù tó ṣú, kí igun kan nínú rẹ̀ gba ojú ọ̀run díẹ̀. Ẹ tún wo ibi tí òjò ti fa ìdọ̀tí dúdú sílẹ̀ lára kọnkéré. Òun ló ń sọ pé ilé yìí ti pẹ́. Ẹ fi eérú tó ṣú rán an láti etí àjà wá sílẹ̀, òmíràn mìlímítà mẹ́ta, òmíràn ogún. Bí gbogbo wọn bá gùn dọ́gba, òòyà lẹ rán. Lẹ́tà ara ilé tí kò bá ga tó mìlímítà mẹ́jọ lórí aṣọ, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ò ní lè kà á, á sì dà bí kòkòrò.

Igi ló kẹ́yìn. Ẹ má rán ewé níkọ̀ọ̀kan, ẹ máa yí ọwọ́ róbótó róbótó pẹ̀lú àwọ̀ ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí ìlà ilé bá ti wọ́, ẹ gbin igi sí i. Kò sẹ́ni tó máa bi yín.

Ẹni tó bá fẹ́ ya pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ nínú ìlú, ìbáà ṣe Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, páánù rẹ̀ ni kí ó fi sùúrù sí. Ìlà páánù ń tẹ̀lé ìdagun òrùlé, kò sì dúró ṣánṣán. Búráùn, pupa ilẹ̀ àti eérú ni kí ó máa fi gba ara wọn, kí ìpẹtà pọ̀ jù nísàlẹ̀ àti níbi ìṣó.

Nígbà tí aṣọ bá ń wú

Ilé á súnkì, ojú ọ̀run á wú bí búrẹ́dì. Kò sẹ́ni tí kì í ṣẹlẹ̀ sí. Ohun tó fà á ni pé òwú kún ilé, ojú ọ̀run sì ṣófo. Àárín ni kí ẹ ti máa rán lọ sí etí, kí ẹ má sì parí ìhà kan kí ẹ tó dé ìkejì. Ẹ ṣe díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ fún ojú ọ̀run náà ní ìlà tirẹ̀, kódà kó jẹ́ ìlà ìbú kan ní sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òwú tó bá aṣọ mu. Ẹ má jẹ́ kí aṣọ sun inú férémù mọ́jú, àmì òrùka rẹ̀ kì í lọ bọ̀rọ̀.

Bí ó bá ti wú, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fi píìnì kàn án mọ́ fóòmù tó tẹ́jú kí ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀ láti àárín, kí ẹ wọn igun sí igun lọ́nà méjèèjì títí wọn yóò fi dọ́gba. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó tú u. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ gé etí rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ kan òwú pọ́líésítà lójú, yóò yọ́. Ẹ tẹ́ aṣọ lé e.

Ó wá ku ká so ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ìtẹ́ òwú àárín tí kò nípọn ju mìlímítà mẹ́ta sí márùn-ún lọ ni kí ẹ wá. Fóòmù tí wọ́n ń fi sínú búrẹ́síà kò yẹ, ó ń le, ó sì ń yọ́. Ẹ fi píìnì de mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní ìbú ọwọ́ kan sí èkejì. Ibi tí òjìji ti pàdé ìmọ́lẹ̀ gan-an ni kí ẹ gba rán wọn pọ̀: abẹ́ àjà á wọlé, àjà fúnra rẹ̀ á wú síta, ilé á wá ní ara.

Etí: ègé aṣọ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, tí ẹ ṣẹ́ po sí méjì. Àyíká aṣọ yín á tó sẹ̀ǹtímítà 200, nítorí náà ẹ gé ègé mẹ́ta láti ìbú àǹkárá, ẹ so wọ́n pọ̀ ní ìdagun kí ojú ìso má ga. Lẹ́yìn, lókè, ẹ rán àpò gbọọrọ tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá tí ọ̀pá kọ́tìnnì lè gbà kọjá. Kí ó fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta kúrú ju aṣọ lọ kí ọ̀pá má yọjú.

Ẹ má gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ń bà, àdìrẹ á kọ́kọ́ ṣá, òwú á tẹ̀lé e. Bí ẹ bá máa tọ́jú rẹ̀ tàbí gbé e rìnrìn àjò, ẹ má ṣẹ́ ẹ po. Ẹ yí i mọ́ páìpù nínípọn tí ẹ ti fi aṣọ funfun wé, kí ojú rẹ̀ wà níta, kí ẹ̀yìn ló máa hunjọ.